Abẹ́rẹ́ Àjẹsára Àwọn Ọmọbìnrin Wa
Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ẹ̀ka wa sọ ní ìpàdé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti ṣífùtì òru tí oorun ń kùn yín, ẹ kú àìsùn. Ẹ̀yin awakọ̀ àti agbèrò tí ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ ní gáréèjì nígbà tí èrò ń bẹ lójú títì, a mọ̀ pé owó ojúmọ́ yín ni ẹ fi sílẹ̀ wá síbí. A kò ní pẹ́ jù.

Ọ̀rọ̀ owó oṣù, ọ̀rọ̀ ọ̀fátáìmù, ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́ láìfún wọn ní ìwé, ìwọ̀nyí ni a máa ń jókòó lé lórí níbí. Nígbà tí a ní ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ni a fẹ́ sọ lónìí, ẹnìkan ti béèrè lẹ́nu ọ̀nà pé kí ló kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nínú abẹ́rẹ́ ọmọdé. Ó kàn wá. Bí ará ilé òṣìṣẹ́ bá dùbúlẹ̀ àìsàn, àpò òṣìṣẹ́ ni ó kọ́kọ́ ń rù. Ẹ̀ẹ̀melòó ni a ti gbé igbá owó káàkiri inú ẹgbẹ́ yìí nítorí ìyàwó ẹnìkan tàbí ìyá ẹnìkan tí ó wà ní ọsibítù? Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín.

Bí ọ̀rọ̀ náà ti rí nìyí. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin tí ó wà láàárín ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó ń dènà kòkòrò àrùn tí wọ́n ń pè ní HPV. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń gbà á. Ìpínlẹ̀ 15 àti Abuja ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, Ògùn wà nínú wọn, Èkó àti Ọ̀ṣun náà wà níbẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ yòókù bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2024. Lẹ́yìn ìpele méjèèjì, àwọn ọmọ tí wọ́n ti gbà á ní Nàìjíríà lé ní mílíọ̀nù 12. Nítorí náà kì í ṣe pé gbogbo ayé ni ó kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò tiwa, láti Ibafo dé Mowe, àti lọ́hùn-ún ní Ifọ̀, a mọ ilé tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. A mọ òbí tí kò jẹ́ kí ọmọ lọ sí ilé ìwé ní ọ̀sẹ̀ náà. A mọ ọmọ tí ó da fọ́ọ̀mù nù sínú gọ́tà kí ó tó délé, kí bàbá rẹ̀ má baà rí i. Púpọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyí, ilé ọmọ ẹgbẹ́ wa ni.

Kí ni HPV yìí ń ṣe? Kòkòrò kékeré kan ni, tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Ìbálòpọ̀ ni ọ̀nà tí ó ń gbà ràn láti ara ẹnìkan sí ara ẹlòmíràn, ó sì wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkùnrin àti obìnrin tí ó ti mọ ara wọn yóò ní in nígbà kan rí láyé wọn láìmọ̀. Kò ní kí ènìyàn ó yún ara, kò ní kí ibà ó mú un. Ní ara ọ̀pọ̀ ènìyàn, ara yóò lé e lọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ara àwọn obìnrin kan, yóò jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ, yóò máa ba ibẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún bí ọdún 15 tàbí 20, títí yóò fi di àrùn jẹjẹrẹ. Ẹ wo bí ó ti burú tó: ọmọbìnrin lè kó o ní ogún ọdún, kí ó má mọ̀ títí yóò fi lé ní ogójì ọdún, nígbà tí ó ti bí ọmọ mẹ́ta mẹ́rin, tí gbogbo ilé ń wojú rẹ̀.

Ará Jámánì kan, Ọ̀gbẹ́ni Harald zur Hausen, ni ó fi hàn ní ọdún 1983 pé kòkòrò HPV wà nínú ẹran ara àwọn tí ó ní jẹjẹrẹ yìí. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2008 nítorí iṣẹ́ náà. Nínú àwọn oríṣi kòkòrò náà, méjì tí wọ́n ń fi nọ́ńbà 16 àti 18 pè ni ó ń fa bí 70 nínú gbogbo 100 jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ. Àwọn méjèèjì yìí ni abẹ́rẹ́ náà dojú kọ. Ní ọdún 2020 nìkan, Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á pé obìnrin 12,000 ni àrùn yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Nàìjíríà, ó sì pa 8,000. Bọ́ọ̀sì elérò 14 ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń wà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi 14 pín 8,000 kí ẹ mọ iye bọ́ọ̀sì tí ó kún fún obìnrin tí kò padà délé lọ́dún kan.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sínú ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ, nítorí àhesọ ni ó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, a kò sì fẹ́ fi ẹnu gbẹ́rẹ́ kọjá lára rẹ̀.

Èyí tí ó kọ́kọ́ jáde nínú gbogbo ọkọ̀ tí a wọ̀ ni pé abẹ́rẹ́ náà yóò sọ àwọn ọmọ wa di àgàn, pé òyìnbó fẹ́ dín wa kù. A kò ní fi ẹnikẹ́ni tí ó sọ èyí ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ìyàwó tí kò tètè bímọ, a mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí lọ́dọ̀ ìyá ọkọ. Nítorí náà bí ìyá bá gbọ́ pé ohun kan lè ba ilé ọmọ ọmọ rẹ̀ jẹ́, ó tọ́ kí ó gbọ̀n. Ṣùgbọ́n kí a bi ara wa léèrè: kí ni ó wà nínú abẹ́rẹ́ náà? Kòkòrò ààyè kò sí nínú rẹ̀. Èèpo ara kòkòrò náà nìkan ni wọ́n ṣe ní ilé iṣẹ́, bí èèpo ẹ̀pà tí kò ní ọmọ nínú. Ara ọmọ yóò rí èèpo náà, yóò mọ ojú rẹ̀, yóò sì múra sílẹ̀ de ọjọ́ tí ọ̀tá gan-an bá dé. Kò lè fa àrùn, kò sì ní iṣẹ́ kankan tí ó ń ṣe ní ilé ọmọ.

Láti ọdún 2006 ni wọ́n ti fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ yìí fún lílò láyé. Australia bẹ̀rẹ̀ sí í fún gbogbo ọmọbìnrin rẹ̀ ní ọdún 2007, Scotland ní 2008. Rwanda, tí ó jẹ́ ilẹ̀ adúláwọ̀ bíi tiwa, bẹ̀rẹ̀ ní 2011. Àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ń lò ó báyìí lé ní 140. Àwọn ọmọ ọdún 12 tí wọ́n gbà á ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ti ń sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún, àwọn kan ti kọjá rẹ̀, wọ́n ń bímọ, wọ́n ń tọ́ ọmọ. Bí òyìnbó bá fẹ́ fi sọ ènìyàn di àgàn, kì bá ti bẹ̀rẹ̀ lára àwọn ọmọ tirẹ̀. Èyí tí ó sì yẹ kí a máa sọ ní gbangba ni pé jẹjẹrẹ náà gan-an ni ó ń sọni di àgàn. Bí ó bá ti wọra díẹ̀, yíyọ ilé ọmọ kúrò pátápátá ni ọ̀nà tí dókítà sábà máa ń gbà gba ẹ̀mí obìnrin là.

A ti gbọ́ irú àhesọ yìí rí ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2003, wọ́n sọ ní Kano àti àwọn ìpínlẹ̀ kan ní òkè ọya pé oògùn àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ń sọ ọmọ di àgàn. Wọ́n dá iṣẹ́ náà dúró títí wọ ọdún 2004. Àrùn náà sì gbalẹ̀, ó kọjá ẹnubodè lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn tí wọ́n ti lé e lọ tẹ́lẹ̀. Ọdún 2020 ni wọ́n tó kéde pé ilẹ̀ Áfíríkà bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò rẹ̀ tí ó ti inú ìgbẹ́ ayé wá, Nàìjíríà ni ó sì kẹ́yìn. Àwọn ọmọ tí ó rọ ní ọdún wọ̀nyẹn ti di àgbà báyìí. A ń rí irú wọn lórí pátákó onítáyà lábẹ́ bíríìjì.

Ṣùgbọ́n a óò jẹ́ olóòótọ́. Àwọn ará Kano kò ṣàdédé fura. Ní ọdún 1996, nígbà tí àrùn yínrùnyínrùn ń pa ọmọ níbẹ̀, ilé iṣẹ́ Pfizer lọ dán oògùn tuntun kan tí ń jẹ́ Trovan wò lára àwọn ọmọ tí ń ṣàìsàn. Ọmọ 200 ni ó wà nínú ìdánwò náà, 11 kú, àwọn òbí sì pariwo pé wọn kò là á yé àwọn pé ìdánwò ni. Ilé iṣẹ́ náà ní oògùn òun kọ́ ni ó pa wọ́n, ṣùgbọ́n ní ọdún 2009 ó gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là láti parí ẹjọ́ náà pẹ̀lú ìjọba Kano. Àwa òṣìṣẹ́ mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. A mọ bí ẹ̀rọ tí kò ní ààbò ti ń gé ìka ènìyàn, tí ọ̀gá yóò ní àìṣọ́ra òṣìṣẹ́ ni. Ẹni tí ó bá ti rí bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ọ̀rọ̀ kí ó tó na apá ọmọ rẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìdánwò ni ti Trovan, lára ìwọ̀nba ọmọ, nínú pàjáwìrì. Abẹ́rẹ́ HPV ti kọjá ìdánwò láti ọjọ́ tí ó ti pẹ́, a sì ti rí èso rẹ̀. Ní England, wọ́n tọpa àwọn obìnrin tí wọ́n fún ní ọdún 12 sí 13. Nínú 100 tí ìbá ní jẹjẹrẹ yìí láàárín wọn, bí 87 ni kò ní in. Ní Scotland, ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2024 sọ pé nínú gbogbo àwọn tí wọ́n gbà á pé ní ọdún 12 tàbí 13, kò sí ẹyọ ẹnìkan tí àrùn náà mú.

Àwọn kan nínú wa béèrè ọ̀rọ̀ kan tí ó dùn mọ́ wa nítorí pé ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni. Wọ́n ní ìjọba tí kò fún wa ní Panadol lọ́fẹ̀ẹ́, tí a ń ra kọ́tìnnì ìwúùlù lọ́wọ́ ara wa kí wọ́n tó wẹ egbò fún wa, kí ló dé tí ó wá ń gbé abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́ lé wa kiri ilé? Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni pé kì í ṣe ìjọba nìkan ni ó ń sanwó rẹ̀, àjọ Gavi tí ó ń ran àwọn orílẹ̀-èdè lọ́wọ́ lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára wà nínú rẹ̀, UNICEF àti Àjọ Ìlera Àgbáyé náà wà níbẹ̀. Èkejì ni pé abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀fẹ́ kì í ṣe nǹkan tuntun. Àwọn abẹ́rẹ́ tí àwọn ọmọ wa gbà ní ọwọ́, ta ni ó sanwó rẹ̀? Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti jẹ́ mínísítà ìlera láàárín ọdún 1985 sí 1992, òun ni ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìjọba létí pé kí wọ́n gbé ìlera dé ẹsẹ̀ ilé aláìní, kí abẹ́rẹ́ ọmọdé sì ṣíwájú. Ohun tí ó yẹ kí a bá ìjọba jà lé lórí ni Panadol tí kò fún wa. Èyí tí ó fún wa, kí a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kíá kí ó má yí ọkàn padà.

Ẹni tí ó bá sì rò pé ọ̀fẹ́ kò dára, kí ó lọ béèrè iye tí ìtọ́jú jẹjẹrẹ ń jẹ. Láti Mowe tàbí Ifọ̀, LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí UCH ní Ìbàdàn ni wọ́n máa ń darí ènìyàn sí fún ẹ̀rọ onítànṣán. Owó ọkọ̀ lọ, owó ọkọ̀ bọ̀, lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kí a tó dé orí owó ìtọ́jú fúnra rẹ̀. Owó àjọ ọdún méjì kò lè gbé e.

Àhesọ kejì, àwọn bàbá ni ó fẹ́ràn rẹ̀ jù. Wọ́n ní bí a bá fún ọmọ ọdún 10 ní abẹ́rẹ́ àrùn ìbálòpọ̀, ṣe a kò ti máa sọ fún un pé kí ó lọ bẹ̀rẹ̀ ni? Ẹ gbọ́, abẹ́rẹ́ kì í sọ̀rọ̀. Ọmọ tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́ lápá kò mọ̀ ju pé apá ń dun òun. Ìdí tí wọ́n fi ń fún wọn ní kékeré ni pé ó gbọ́dọ̀ ṣáájú kòkòrò náà wọ ara. Bí kòkòrò bá ti wọlé, abẹ́rẹ́ kò lè lé e jáde mọ́. Ara ọmọdé sì ń gbà á dáadáa ju ti àgbà lọ. Bí ẹ bá fẹ́ ra ọkọ̀, ṣé lẹ́yìn ìjàm̀bá ni ẹ ń yẹ bíréèkì wò? Kí a sì rántí pé ọmọbìnrin lè pa ara rẹ̀ mọ́ títí di ọjọ́ ìgbéyàwó, kí ó wá kó kòkòrò náà lára ọkọ rẹ̀. Ìwà rere tirẹ̀ kò lè dáàbò bò ó lọ́wọ́ ìgbésí ayé tí ẹlòmíràn ti gbé sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ọkùnrin, a kò ní fà á gùn.

Ní ti ẹ̀sìn, àdúgbò wa kún fún ibi àdúrà, gbogbo Nàìjíríà ni ó mọ títì Mowe àti Ibafo nítorí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń gbàdúrà kí ó tó gbé ọkọ̀ síbẹ̀ ń fẹ́ bíréèkì lára ọkọ̀ náà. Ó parí.

Àwọn ọmọbìnrin fúnra wọn ńkọ́? A máa ń sọ̀rọ̀ lórí wọn bí ẹni pé wọn kò sí nínú ilé. Ọmọ ọdún 13 ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ lórí fóònù, ó ń gbọ́ ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwé, ẹ̀rù sì ń bà á. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, abẹ́rẹ́ gan-an ni wọ́n ń sá fún. Kí ẹ sọ òtítọ́ fún wọn: apá yóò dùn ún fún ọjọ́ kan tàbí méjì, orí lè fọ́ ọ, ara rẹ̀ lè gbóná díẹ̀. Àwọn ọmọ mìíràn máa ń dákú díẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù, nítorí náà kí ó jẹun kúrò nílé, kí ó sì jókòó fún ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn tí ó bá gbà á tán. Wọ́n máa ń béèrè pé kí ló dé tí kò kan àwọn ọkùnrin. Àwọn orílẹ̀-èdè kan ń fún ọkùnrin náà, Australia ti ń ṣe é láti 2013. Ṣùgbọ́n níbi tí owó kò pọ̀, ẹni tí ó ní ilé ọmọ ni a kọ́kọ́ ń dáàbò bò.

Bí a bá fi ìbẹ̀rù ọmọ sílẹ̀ láìdáhùn, ohun tí ó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ kò kéré. Ní Japan, bí ọmọ 70 nínú 100 ni ó ń gbà á tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2013, ìròyìn kan pé ó ń mú àwọn ọmọ gbọ̀n gba orí tẹlifíṣọ̀n, ìjọba dẹ́kun pípolongo rẹ̀, iye náà já wálẹ̀ títí kò fi pé ẹnìkan nínú 100. Wọ́n yẹ ẹ̀sùn náà wò, wọn kò rí i pé abẹ́rẹ́ ni ó fà á. Ọdún 2022 ni wọ́n tó padà sí ìpolongo. Àwọn ọmọ tí ọdún wọ̀nyẹn fò dá, àwọn ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Ó kù ohun kan tí kì í ṣe àhesọ rárá, òun ni a sì rò pé ó ṣe jàm̀bá jù lọ láàárín wa. Òṣìṣẹ́ tí ilé rẹ̀ wà ní Ibafo tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Èkó ń jáde ní aago mẹ́rin ìdájí. Awakọ̀ ń wọlé nígbà tí ọmọ ti sùn. Fọ́ọ̀mù ilé ìwé dé, ìyá ní òun kò lè fọwọ́ sí i, kí bàbá dé. Bàbá kò dé títí àwọn nọ́ọ̀sì fi kó páálí wọn lọ. Kò sí ẹni tí ó kọ̀, ọmọ kò sì gbà á. Ìyá mìíràn ń ṣe ṣífùtì ní ilé iṣẹ́, bí ó bá gba àyè wákàtí méjì láti mú ọmọ lọ sí ibùdó ìlera, wọn yóò gé owó ọjọ́ náà. Àwọn nọ́ọ̀sì kan náà sì wà tí ó ń jágbe mọ́ ìyá tí ó bá béèrè ọ̀rọ̀. Ìyẹn kò dára; ẹni tí ó béèrè fẹ́ mọ̀ ni.

Nítorí náà ìgbìmọ̀ ẹ̀ka ti pinnu pé a óò kọ ìwé sí àwọn ọ̀gá, kí òbí tí ó bá mú káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ rẹ̀ wá má pàdánù owó wákàtí tí ó fi lọ. A óò sì bẹ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kí wọ́n máa wá sí gáréèjì ní ọjọ́ Sátidé, nígbà tí bàbá wà nílé. Títí ìyẹn yóò fi ṣeé ṣe, ẹ̀yin bàbá, ẹ sọ fún ìyàwó yín lálẹ́ òní pé bí fọ́ọ̀mù bá dé, kí ó fọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin ìyá, ọjọ́ abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́ ti kọjá lórí yín, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò wà. Obìnrin tí ó ti pé 30 ọdún, tàbí 25 bí ó bá ní kòkòrò HIV, kí ó lọ kí wọ́n yẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ rẹ̀ wò. Ọ̀nà kan wà tí ó rọrùn, tí wọ́n ń fi omi kíkan bíi fínígà pa á, tí ibi tí ó bá ti bàjẹ́ yóò funfun. Bí wọ́n bá tètè rí i, wọ́n lè mú un kúrò kí ó tó di jẹjẹrẹ. Ẹni tí ó bá ń rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró pátápátá, tàbí lẹ́yìn ìbálòpọ̀, kí ó má fi agbo bò ó mọ́lẹ̀.

Àwọn ìbéèrè díẹ̀ wọlé lẹ́yìn ọ̀rọ̀ wa. Ọmọ tí ó ní HIV, tàbí tí àìsàn mìíràn ti mú ara rẹ̀ rọ, ẹ̀ẹ̀kan kò tó fún un, kí wọ́n sọ fún nọ́ọ̀sì kí ó lè ṣètò èkejì, tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọmọ tí oògùn tàbí abẹ́rẹ́ kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rí nítorí pé ara rẹ̀ kọ̀ ọ́, kí wọ́n wí kí wọ́n tó gún un. Aláboyún kò gbọdọ̀ gbà á títí yóò fi bímọ. Ìyá kan ní ọmọ òun ti pé 15. Ètò ọ̀fẹ́ dúró ní 14, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ náà ṣì wúlò fún un, rírà ni yóò rà á, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé là sílẹ̀ fún ẹni tí kò tíì ju 20 ọdún lọ. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà láàárín 9 sí 14 tí kò tíì gbà á, kí ó kọ orúkọ sí ìwé tí ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹ̀ka kí ó tó jáde ní gbọ̀ngàn yìí.